Eré Sísá Lẹ́bàá Odò àti Lábẹ́ Igi: Ìlú Keswick àti Àwọn Ọ̀nà Rẹ̀

Àwọn àgbà wa ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé wa. Òwe yìí wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá rí bàbá ọlọ́mọ tí ó ń sáré bọ̀ ní kùtùkùtù, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" Ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan ń bẹ ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ níbẹ̀, a ó rí ọkùnrin àti obìnrin, arúgbó àti ọmọdé, tí wọ́n ń sáré lẹ́bàá odò àti lábẹ́ igi. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn. Keswick ni orúkọ ìlú náà, àwọn ará ibẹ̀ a sì máa pè é ní Kẹ́síìkì.

Ìdí méjì ni a fi ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń gbé Manchester, tàbí Leeds, tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, àwọn òbí a máa wá ibi tí wọn yóò kó àwọn ọmọ lọ láìjẹ́ pé wọ́n ná gbogbo owó oṣù wọn tán. Ẹni tí ó bá ní bàtà tí ó dára àti ẹ̀wù òjò, ti parí ìnáwó tí ó pọ̀ jù ní Keswick, nítorí a kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ gba àwọn ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ìdí kejì ni pé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò ṣàdédé wà. Àwọn ènìyàn ni ó jà fún wọn, àwọn ènìyàn ni ó dáwó fún wọn, nígbà tí omi sì gbé apá kan lọ, àwọn ènìyàn ni ó tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú èyí fún àwa náà.

IBI TÍ ÌLÚ NÁÀ WÀ

Ní ìpínlẹ̀ Cumbria ni Keswick wà, láàárín àwọn òkè àti adágún omi tí a ń pè ní Lake District. Àwọn ará ìlú náà kò ju nǹkan bí 5,000 lọ. Odò Greta gba àárín ìlú kọjá. Odò Derwent gba ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Adágún Derwentwater sì tẹ́ rẹrẹ sí gúúsù. Ní ìhà àríwá ni òkè ńlá Skiddaw dúró, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 931. Ọkọ̀ ojú irin kì í dé ìlú náà mọ́ láti ọdún 1972. Ẹni tí ó bá ń lọ yóò wọ ọkọ̀ ojú irin dé Penrith, bọ́ọ̀sì ni yóò sì gbé e dé Keswick láti ibẹ̀.

Orúkọ ìlú yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́. Níbẹ̀ ni Àlùfáà Harford-Battersby ti pe àpéjọ àwọn Kristian nínú àgọ́ ní ọdún 1875, tí a sì ń ṣe àpéjọ náà lọ́dọọdún títí di òní. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó lọ sí Keswick láti gbọ́ ìwàásù ni ó ti rí i pé, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ọ̀nà etí odò ń ké sí òun pẹ̀lú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fẹ́ là sílẹ̀ fún yín. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn jù.

ỌNÀ KÌÍNÍ: OJÚ IRIN ÀTIJỌ́

Ní ọdún 1865 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Penrith gba Keswick lọ sí Cockermouth. Nígbà tí a ti apá tí ó dé Keswick pa ní ọdún 1972, a kó irin rẹ̀ kúrò, ibi tí irin wà sì di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti oníkẹ̀kẹ́. Láti ibùdókọ̀ àtijọ́ ní Keswick dé abúlé Threlkeld jẹ́ nǹkan bí máìlì mẹ́ta. Ẹni tí ó bá lọ tí ó sì bọ̀ ti sá máìlì mẹ́fà, kò sì gun òkè kan tí a lè pè ní òkè, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í fẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹwà ọ̀nà yìí ni odò Greta. Odò náà ń lọ́ bí ejò nínú àfonífojì tí ó kún fún igi, ọ̀nà sì ń lọ tààrà. Nítorí náà léraléra ni a ń gun orí afárá kọjá lórí omi. Bí a bá wà lápá ọ̀tún rẹ̀ nísinsin yìí, láìpẹ́ a ó wà lápá òsì. Ariwo omi lórí àpáta kì í fi etí sárésáré sílẹ̀. Ní Low Briery, ilé-iṣẹ́ kan wà nígbà kan rí tí a ti ń gbẹ́ igi róbótó tí àwọn ahunṣọ ń ká òwú lé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí igbó ni ó pèsè igi, odò ni ó sì pèsè agbára tí ó ń yí ẹ̀rọ. Odò àti igbó ni ó bọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ kí ó tó di pé wọ́n ń sáré nínú rẹ̀ fún ìdùnnú.

Ṣùgbọ́n odò tí ó ń bọ́ ni lè bínú pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ìjì tí a pè ní Desmond dé. Ní Honister, lórí àwọn òkè tí ó wà ní gúúsù Keswick, òjò tí ó rọ̀ láàárín wákàtí 24 jẹ́ mílímítà 341.4, a kò sì tí ì wọn irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ní Thirlmere, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá sínú Greta, mílímítà 405 ni ó rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Greta kún, ó gun orí odi tí a mọ láti dí i, ó sì wọ ilé àwọn ènìyàn. Lójú ọ̀nà tí à ń sọ yìí, ó gbé afárá méjì lọ, ó sì ba ibòmíràn jẹ́.

Ọdún márùn-ún ni ọ̀nà náà fi wà ní gígé. Àwọn ará ìlú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni a tún ṣí i láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, lẹ́yìn tí a ti ná ohun tí ó ju mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn lọ. A mọ afárá tuntun. A sì tún hú ihò ojú irin kan jáde, èyí tí a ti sin sábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí a ń la títì ńlá ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí a fi ọ̀dà tẹ́ ojú ọ̀nà náà, àwọn kan ṣàròyé pé kò bá igbó mu. Àwa kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ilẹ̀ rírọ̀ dára fún orúnkún ju ọ̀dà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ni ó jẹ́ kí ìyá tí ó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, àti arọ tí ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, lè rí odò tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ líle ń rí. Bí ìyá àgbà bá bá àwọn ọmọ lọ sí Keswick, ọ̀nà yìí ni kí ẹ mú un gbà.

ỌNÀ KEJÌ: YÍYÍ ADÁGÚN KÁ

Ọ̀nà tí ó yí Derwentwater ká jẹ́ nǹkan bí máìlì mẹ́wàá. Ó gùn fún ẹni tí kò tí ì mọ eré sá, ṣùgbọ́n ó ní àánú. Ọkọ̀ ojú omi ń yí adágún náà ká, ó sì ń dúró ní èbúté kéékèèké ní etí omi. Ẹni tí ó bá rẹ̀ ní àárín ọ̀nà lè jókòó sí èbúté kan, kí ó san owó ọkọ̀, kí a sì gbé e padà sí ìlú láìsí ìtìjú. Kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ wo àkókò tí ọkọ̀ ń lọ, nítorí nígbà òtútù kì í lọ léraléra.

Ẹ jẹ́ kí adágún wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín. Kò pẹ́ tí ẹ bá ti kúrò ní ìlú tí ẹ ó dé Friar's Crag, àpáta kan tí ó yọrí sínú omi lábẹ́ igi. A máa ń sọ pé láti ibẹ̀ ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbàanì ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù Herbert mímọ́ tí ó wà ní àárín adágún. Bede òpìtàn sọ nípa Herbert yìí pé ó dá gbé ní erékùṣù náà, àti pé ọ̀rẹ́ ni òun àti Cuthbert bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n a máa pàdé lọ́dọọdún láti bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n gbàdúrà kí ikú má ṣe yà wọ́n, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sì kú ní ọdún 687. Ó yẹ kí sárésáré dúró níbẹ̀ kí ó mí díẹ̀.

Láti ibẹ̀ ọ̀nà gba etí omi lọ sí Great Wood, igbó ńlá tí igi óákù wà nínú rẹ̀, títí dé Lodore, níbi tí omi ti ń já láti òkè. Ní ìpẹ̀kun gúúsù, ilẹ̀ di àbàtà. A sì ti to pákó sórí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa rì. Ẹ rọra níbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, nítorí pákó tútù a máa yọ̀. Igbó tí ó wà ní àfonífojì Borrowdale, lókè ibẹ̀, kò fi gbogbo ara jọ ti wa, síbẹ̀ ẹni tí ó bá mọ igbó òjò nílé yóò rí ohun tí ó mọ̀ níbẹ̀. Òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewédò fi bo ara igi láti ìsàlẹ̀ dé orí ẹ̀ka, tí ewéko mìíràn sì ń hù lára igi. Ní ọdún 2024 ni ìjọba sọ igbó òjò Borrowdale di ibi ìpamọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa, tí ó ti ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń gbé agbègbè yìí.

Nígbà tí ẹ bá yí padà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó wọ igbó Brandelhow. Ẹ fi ìrònú gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1902, ewu wà pé a ó ta ilẹ̀ etí adágún yìí fún àwọn tí yóò kọ́ ilé sórí rẹ̀, tí ọ̀nà yóò sì dí. Ẹni tí ó dìde ni Àlùfáà Hardwicke Rawnsley, tí ó ti jẹ́ àlùfáà ìjọ Crosthwaite ní Keswick láti ọdún 1883. Ní ọdún 1895, òun pẹ̀lú Octavia Hill àti Robert Hunter ni ó dá ẹgbẹ́ National Trust sílẹ̀ láti máa ra ilẹ̀ àti ilé àtijọ́ pamọ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ké sí pé kí ó ra Brandelhow. Wọ́n bẹ gbogbo ayé, owó sì wá láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní àwọn ìlú eléèéfín. Òṣìṣẹ́ kan fi ṣílè méjì ránṣẹ́. Ó ní agbára òun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ti rí Derwentwater lẹ́ẹ̀kan rí, òun kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láé. Kò pé ọdún kan tí owó fi pé, ilẹ̀ náà, éékà 108, sì di ti gbogbo ènìyàn. Opó tí ó fi owó kékeré méjì sínú àpótí ìṣúra kò dá wà nínú ìtàn ayé.

ỌNÀ KẸTA: ÒKÈ LATRIGG

Ọ̀nà kẹta yìí kúrú, ṣùgbọ́n òkè ni. Latrigg jẹ́ mítà 368, ó sì dúró sí ẹ̀yìn ìlú bí ọmọ tí ó dúró níwájú ìyá rẹ̀ Skiddaw. Láti ìlú, a ó gba ọ̀nà tóóró tí a ń pè ní Spooney Green Lane. Nǹkan bí máìlì méjì àbọ̀ ni a ó fi dé orí rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí a rìn níbi tí ó bá ga jù. Àwọn akọni ibẹ̀ pàápàá a máa rìn. Ní orí òkè, gbogbo Keswick tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa: òrùlé ilé, odò méjèèjì, adágún pẹ̀lú erékùṣù rẹ̀, àti òkè lẹ́yìn òkè títí dé ibi tí ojú kò lè rí mọ́. Àgùntàn Herdwick ń jẹko níbẹ̀. A máa ń bí ọmọ wọn ní dúdú, irun wọn a sì máa hewú bí wọ́n ti ń dàgbà.

Ọ̀nà yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1887, olówó ilẹ̀ kan ti ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà gun Latrigg láti ìgbà pípẹ́. Ó gbin igi dí i, ó sì fi ìdènà sí i. Àwọn ará Keswick ní ẹgbẹ́ kan tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, Àlùfáà Rawnsley sì jẹ́ olórí nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò gbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, nǹkan bí 2,000 ènìyàn kó ara wọn jọ, wọ́n sì rìn gun orí Latrigg lójú ọ̀sán gangan, láìfi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1888 ni a parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn, a sì fọwọ́ sí i pé ọ̀nà Spooney Green Lane lọ sí orí òkè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Sárésáré tí ó bá ń mí gúlegúle lórí òkè náà lónìí, kí ó rántí pé ẹsẹ̀ 2,000 ni ó là á fún òun.

ÌKÌLỌ̀ DÍẸ̀

A mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè ka ọ̀rọ̀ wa kí ó sì fẹ́ sáré lọ sórí òkè ńlá lọ́jọ́ kan náà. Òun yóò ti gbọ́ nípa Bob Graham, ọkùnrin ará Keswick tí ó ń gba àlejò sílé, ẹni tí ó wọ bàtà kánfáàsì ní oṣù Kẹfà ọdún 1932, tí ó gbéra láti iwájú gbọ̀ngàn Moot Hall ní àárín ọjà, tí ó gun òkè 42 tí ó sì padà sí ẹnu ọ̀nà kan náà kí wákàtí 24 tó pé. Nǹkan bí máìlì 66 ni. Ọdún 28 kọjá kí ẹlòmíràn tó lè tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ọkùnrin náà ti fi ẹsẹ̀ mọ àwọn òkè wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. A kì í ti ojú orun bọ́ sójú ìjà.

Nítorí náà, ẹ mú ẹ̀wù òjò dání, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, nítorí ojú ọjọ́ òkè a máa yí padà kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ rántí pé ní oṣù Kejìlá ilẹ̀ ti ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ṣí ẹnubodè oko, ẹ tì í lẹ́yìn yín. Bí ajá bá tẹ̀lé yín, ẹ dè é lókùn níbi tí àgùntàn wà. Bí ẹ bá ti gba inú koríko gíga kọjá, ẹ yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wò fún eégbọn, nítorí èyí tí ó wà níbẹ̀ lè fi àìsàn ranni. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà fún ẹni tí ó kù sílé. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ẹ pe 999, kí ẹ béèrè fún ọlọ́pàá, kí ẹ wá béèrè fún àwọn agbanilà orí òkè. Láti ọdún 1947 ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Keswick, wọn kì í sì gba owó iṣẹ́.

ẸNI TÍ Ó Ń LÉ WA

Nígbà tí a padà délé, a rántí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀. Bóyá òwe náà ṣẹ ní Keswick lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ohun kan ń lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí: ìrántí pé a lè ti ọ̀nà mọ́ ni, àti pé omi lè gbé afárá lọ. Wọn kò fi ọ̀nà wọn sílẹ̀ fún ọlá, wọn kò sì fi sílẹ̀ fún ìkún omi.

Àwa náà ní ìlú lẹ́bàá odò. Abẹ́òkúta ní odò Ògùn, Òṣogbo ní odò Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ ìlú kékeré wa sì ní odò tí àwọn ìyá wa ti pọnmi nínú rẹ̀. Gbogbo àgbà tí ó ń ka ìwé yìí ni ó mọ ọ̀nà odò tí òun sá eré lórí rẹ̀ ní kékeré, tí igi ṣíji bò. Ọ̀nà náà dà? Níbòmíràn, ẹnìkan ti mọ odi dí i. Níbòmíràn, ààtàn ti bò ó. Níbòmíràn, a gé igi tán, ẹ̀bá odò sì ń wó. A kò pàdánù wọn nínú ogun. A kàn dẹ́kun láti máa gbà wọ́n kọjá ni, ọ̀nà tí a kò bá sì tọ̀, igbó ni í dì.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ni ó lè ra éékà 108. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọ tí kò lè yan Sátidé kan láàárín ọdún, kí àwọn ọ̀dọ́ mú àdá àti ọkọ́, kí wọ́n ṣán ọ̀nà odò ìlú wọn, kí àwọn àgbà sì jókòó lábẹ́ igi láti sọ orúkọ ọ̀nà náà àti ibi tí ó ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, kí bàbá mú àwọn ọmọ rẹ̀ gba ibẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá rí i tí ó ń sáré, tí ó sì bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" kí ó dáhùn pé, "Nǹkan ń bẹ. Ọ̀nà wa ni à ń ṣọ́."